Bẹ́líìtì Òjé Bàbá Ọ̀gbun

Níbi tí mo ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ yìí, omi tí mo ń rí kò ju èyí tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde lọ. Tí mo bá ṣí i, á wúkọ́ díẹ̀, á tutọ́, kó tó wá máa ṣàn. Èmi náà á dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi lábẹ́ ẹ̀, ọkàn mi á ti lọ. Á lọ sí ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù bàbá mi, níbi tí ẹ̀rọ tí a fi ń fún atẹ́gùn sínú sílíńdà tí a fi ń mí lábẹ́ omi ti máa ń ké láràárọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Á lọ sí àpáta iyùn tó wà nínú òkun níwájú ilé wa. Mo máa ń fẹ́ kó dúró síbẹ̀, nídìí ohun ẹlẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í dúró. Ó máa ń já sọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀gbun ni, ẹ̀rín á sì gbé mi títí omi á fi kún bo bàsíà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá Ọ̀gbun á rò pé ẹnu ọ̀nà ọ̀run ni. Kò jìn. Tí òkun bá fà sẹ́yìn, tí ọkùnrin gíga kan dúró lórí iyanrìn ìsàlẹ̀, tó na ọwọ́ sókè, ìka ẹ̀ á yọ síta. Oòrùn ń wọlé dé ìsàlẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Iyùn kan rí bí ìwo àgbọ̀nrín, òmíràn rí roboto, ó wé mọ́ra bí ọpọlọ inú agbárí, ẹja tó wọ ìlà dúdú àti ìyeyè bí aṣọ ìsùn á sì máa rìn láàárín wọn bí ẹni tó jí, tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Torí pé kò jìn ni àwọn ará ìlú ńlá fi ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi máa ń sọ fún wọn pé, “Omi tí kò jìn lèèyàn ti ń kọ́ ọ̀wọ̀ omi. Inú èyí tó jìn, kò sí àyè ẹ̀kọ́ níbẹ̀.”

Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá wa wọ omi, ìbáà ṣe ọ̀gá ológun, ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù, tó bá ti dé ìsàlẹ̀, orúnkún ni yóò fi gúnlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, olùkọ́ náà á kúnlẹ̀ kọjú sí wọn, kí ojú lè ṣe déédéé. Ẹni tó kúnlẹ̀, ìgbì kì í bì í ṣubú, kì í sì í fi ẹsẹ̀ fọ́ iyùn tó dàgbà ju baba ńlá ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni kálukú ti máa yọ rọ́bà atẹ́gùn kúrò lẹ́nu, tí yóò dá a padà. Tí yóò jẹ́ kí omi wọ inú gíláàsì ojú ẹ̀, tí yóò fi èémí imú lé e jáde. Ìgbà tó bá ṣe èyí tán ló tó lè dìde lọ wo ẹja.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi kọ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gba iṣẹ́ náà. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Tíṣà, títí kan ìyá tó bí i. Èmi ni mo máa ń fún atẹ́gùn, tí mo sì máa ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn nínú omi, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má baà ṣáko. Ìyá wa ló ń jókòó nínú ọkọ̀ lókè, lábẹ́ agboòrùn, tó ń wo bí èémí wa ṣe ń hó lójú omi. Ó mọ èémí kálukú. Á ní, “Ẹ̀rù ń ba ẹni yẹn,” òótọ́ ni yóò sì jẹ́.

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin dé tòun ti àpótí kan, ó ní òun wá wo bí a ṣe ń ṣe sí. Bàbá Ọ̀gbun nìyẹn. Kò mọ̀ pé a ń pe òun bẹ́ẹ̀. Ó ti bá ọkọ̀ òkun kan ṣiṣẹ́ nígbà èwe ẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi “nígbà tí mo wà lọ́gbun” bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá bi í bóyá ó sùn dáadáa, á ní nígbà tí òun wà lọ́gbun, kò sí oorun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀gbun náà jìn tó gíga igi àgbọn kan. Nígbà tí mo gbéyàwó, ó ti jìn ju gíga ilé ìjọsìn lọ. Nígbà tí a sin bàbá wa, kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ mọ́, àwọn ẹja ń gbé àtùpà kiri. Bí irun orí ẹ̀ ṣe ń fà sẹ́yìn ni ọ̀gbun ń jìn sí i. Kò sì sí ẹnì kan nínú ẹbí tó rí omi kọjá kókósẹ̀ ẹ̀ rí.

Ó pè wá jọ sí pálọ̀. Àga bàbá mi ló jókòó sí.

“Mo ti rò ó,” ó ní. “Sọ́ọ̀bù yìí nílò ọ̀gá. Èmi ni màá máa kọ́ àwọn àlejò. Tíṣà á máa jókòó ní iwájú káńtà, á máa kí wọn káàbọ̀. Ó lẹ́rìn-ín dáadáa.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” Tíṣà ní. “Ta ló máa bá wọn wọ omi?”

“Èmi náà ni. Àbí o ò gbọ́ pé mo ti wọ ọ̀gbun?”

“Mo gbọ́, sà. A ò tíì sinmi gbígbọ́ ẹ̀.”

Ìyá wa wúkọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fi ṣeré. Ilé àti sọ́ọ̀bù, ti ẹbí ni. Bàbá Ọ̀gbun ni olórí ẹbí, bó bá sì ti wí ni ẹbí máa ṣe é. Nígbà tí a ń fọ àwọn aṣọ rọ́bà tí a máa ń wọ lọ sínú omi, lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà fọ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló ní, “Àbúrò, tí wọ́n bá gbé mi sí iwájú káńtà, màá gbẹ ni. O ti rí iyùn tí àwọn èèyàn máa ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n rí? Bẹ́ẹ̀ ni màá rí.”

Ìyá wa tó ń fún aṣọ gbọ́. Kò dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jẹun tán, ó lọ bá Bàbá Ọ̀gbun nínú pálọ̀, ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dára. Ohun kan ló kù. Ọ̀gá kì í gba iṣẹ́ láìwò ó. Àlejò méjì ń bọ̀ láàárọ̀. Ẹ bá wọn lọ, ẹ wo ọmọ yín níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ sọ, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn.”

Ọkùnrin tó ti wọ ọ̀gbun, báwo ló ṣe máa sọ pé òun ò lè wọ bàsíà? “Màá fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò,” ó ní.

Àwọn àlejò náà, aránṣọ kan ni àti ọkọ ẹ̀. Ẹnu aránṣọ náà mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ. Ọkọ ní tiẹ̀, ó jọ pé ó ti yá ìyàwó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lò tipẹ́. Wọ́n ti wọ aṣọ rọ́bà wọn tán nígbà tí èmi àti Bàbá Ọ̀gbun ṣì ń bá tiẹ̀ jà. Aṣọ náà gba ẹsẹ̀, ó gba itan. Nígbà tó dé ikùn, aṣọ náà ní òun á kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà òun sọ̀rọ̀ ná. Mo fà á, mo gbọ̀n ọ́n, mo da ọṣẹ sí i. Aránṣọ fọwọ́ lérán, ó ń wò wá.

“Bàbá, ká ní èmi ni mo rán an,” ó ní, “ǹ bá ti fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.”

“Àyè kí ni?”

“Àyè ọ̀gbun.”

Tíṣà fún kálukú ní gíláàsì ojú, ó ní kí a tutọ́ sínú ẹ̀, kí a fi ìka pa á káàkiri, torí itọ́ ni kì í jẹ́ kí èémí bo dígí. Bàbá Ọ̀gbun wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ ṣòkòtò lójú ọ̀nà. “Kí èmi tutọ́ sínú ohun tí màá fi bojú? Ẹlẹ́nu rírùn ló ni àmù ìyá ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa tutọ́ sí i.” Bó ṣe gbé tiẹ̀ ní gbígbẹ nìyẹn.

Ó wá ku òjé. Ẹni tó bá wọ aṣọ rọ́bà máa ń léfòó ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń so ègé òjé mọ́ bẹ́líìtì, kó lè wálẹ̀. Tíṣà wọn èyí tó tó Bàbá Ọ̀gbun, ó gbé e fún un.

“Kí lèyí? Ti ọmọdé? Lọ́gbun, bí èèyàn bá ṣe ṣe pàtàkì tó ni òjé ẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó.”

“Bàbá, tó bá pọ̀ jù, ẹ máa rì bí ọlọ.”

“Kì í ṣe rírì náà la tìtorí ẹ̀ ń lọ ni?”

Ó fọwọ́ ara ẹ̀ kó gbogbo èyí tó kù nínú agbọ̀n, ó ń tò ó mọ́ bẹ́líìtì títí kò fi sí àyè mọ́. Nígbà tó dìde, ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ bí aboyún tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ẹ̀ ti pé. Tíṣà yíjú sí ìyá wa. Ìyá wa ní, “Fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ò jìn, àbúrò ẹ sì máa wà lẹ́yìn ẹ̀.”

Nínú ọkọ̀, Tíṣà ṣe àlàyé fún wa bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn. “Tí a bá dé ìsàlẹ̀, ẹ má sáré. Gbogbo wa á kúnlẹ̀.”

“Àwọn ta ni gbogbo wa?” Bàbá Ọ̀gbun ní.

“Gbogbo ẹni tó bá wọ omi, sà.”

“Níwájú ta ni?”

“Níwájú mi.”

Bàbá Ọ̀gbun fi ọwọ́ méjèèjì gbé bẹ́líìtì ẹ̀ sókè.

“Mo gbé ọ nígbà tí o ò tíì ní eyín,” ó ní. “O tọ̀ sí mi lára. Kí èmi wá kúnlẹ̀ níwájú ẹ, lábẹ́ omi, níbi tí mi ò ti ní lè ṣàlàyé ara mi fún ẹnikẹ́ni?”

“Èmi náà á kúnlẹ̀ níwájú yín, Bàbá. Bí bàbá mi ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn.”

“Àbúrò mi ni bàbá ẹ. Mi ò kúnlẹ̀ fún un rí.”

“Ẹ ò bá a wọ omi rí ni, sà.”

Ojú ẹ̀ le. Ó gbé ìka sókè, kì í ṣe sí Tíṣà, sí ìyá wa ni. “Ìyàwó, ìwọ gbọ́. Ọjọ́ tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú ọmọ yìí, kó máa jẹ sọ́ọ̀bù náà lọ, kẹ́nikẹ́ni má bi í. Ṣùgbọ́n tí mo bá dúró, tí mo dúró ṣinṣin, kó gba iwájú káńtà lọ ní ọ̀sán òní.”

“Mo gbọ́, Bàbá,” ìyá wa ní. “Aránṣọ, ẹ̀yin ńkọ́?”

“Etí mi ò tíì wọ omi. Mo gbọ́.”

A dákọ̀ró, a wọ omi. Àwa yòókù rọra wálẹ̀. Bàbá Ọ̀gbun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí àpótí tó já bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Iyanrìn tú sókè. Nígbà tó fi máa tòrò, aránṣọ ti kúnlẹ̀, ọkọ ẹ̀ ti kúnlẹ̀, Tíṣà ti kúnlẹ̀ kọjú sí wa, ọwọ́ ẹ̀ lórí itan, jẹ́jẹ́. Èmi náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn. Láàárín wa ni Bàbá Ọ̀gbun dúró sí. Ó ya ẹsẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Dígí tí kò tutọ́ sí ti funfun báláú, kò rí ẹja kankan, kò rí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó dúró, bí ère tí wọ́n gbé sí oríta, tí kò sẹ́ni tó rántí ohun tó ṣe mọ́.

Mo wo Tíṣà. Kò wo Bàbá Ọ̀gbun. Ó ń kọ́ aránṣọ bí wọ́n ṣe ń yọ rọ́bà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo rí i pé èémí ẹ̀ ń yára hó, mo sì mọ̀ pé ìyá wa náà rí i láti òkè. Ó pẹ́ tí ọkùnrin náà fi dúró. Ó pẹ́ débi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí Tíṣà níwájú káńtà, tó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

Ìgbì kan wá kọjá lókè wa. Kò tóbi. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀, àwa tó kúnlẹ̀ mì lọ, a mì bọ̀, bíi koríko. Ẹni tó dúró kò rí ibi mì sí. Ó gba ẹ̀yìn lọ, ó fẹ́ gba iwájú bọ̀, gbogbo òjé tó kó sí ìdí sì wọ́ sí iwájú ikùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orúnkún ẹ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé e. Ó ya ẹnu láti ṣàlàyé, rọ́bà atẹ́gùn já bọ́, àlàyé náà sì gòkè lọ ní rogodo-rogodo, àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Mo ti gbéra, ṣùgbọ́n Tíṣà ti dé ibẹ̀. Orúnkún ló fi rìn dé ibẹ̀. Ó mú rọ́bà náà, ó fi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tẹ ibi tí atẹ́gùn ti ń tú. Ó nawọ́ sí bẹ́líìtì kó lè tú u. Bàbá Ọ̀gbun fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ṣòkòtò ẹ̀. Tíṣà fi í sílẹ̀. Ó kàn tẹ orí ba títí ojú ẹ̀ fi bá ojú Bàbá ṣe déédéé, ó sì ń mí, ó ń jẹ́ kó rí bí òun ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà, ó rọra ṣí etí gíláàsì ojú Bàbá, ó jẹ́ kí omi díẹ̀ wọlé, omi fọ kùrukùru orí dígí, ó sì fi imú tirẹ̀ hàn án bó ṣe máa lé e jáde. Bàbá Ọ̀gbun ṣe é. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn, orí ìkúnlẹ̀ náà ló sì ti ṣe é.

Ìgbà yẹn ló ríran. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo rí ojú ẹ̀. Ẹja aláṣọ ìsùn kan wá síwájú dígí ẹ̀, ó wò ó, ó lọ. Bàbá Ọ̀gbun yíjú tẹ̀ lé e, ó wo iyùn, ó wo ìtànṣán oòrùn tó ń gbọ̀n lórí iyanrìn. Ojú tó fi wò ó kì í ṣe ojú ẹni tó ti rí nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń dùn mí títí dòní pé ó ti darúgbó kó tó rí i. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Tíṣà mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí a fi yí gbogbo àpáta náà ká, bí ọmọ tí wọ́n ń mú sọdá títì.

Nígbà tí a gòkè, ó gba kí èmi àti ọkọ aránṣọ jọ gbé e kó tó wọ ọkọ̀. Ó jókòó, omi ń kán ní imú ẹ̀.

“Báwo ni, Bàbá?” ìyá wa ní.

“Ó dáa.”

“Bàbá,” aránṣọ ní, “ẹ kúnlẹ̀ o.”

“Mi ò kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ń wo nǹkan.”

“Kí lẹ̀ ń wò?”

“Ìsàlẹ̀.”

Ọkọ aránṣọ, tí a ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ láti òwúrọ̀, nu ojú ẹ̀. “Ẹ wò ó pẹ́,” ó ní.

Mo wo Tíṣà, mo rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá wa gbé ife tíì lé e lọ́wọ́ kó lè rí nǹkan fi ẹnu ṣe. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bàbá Ọ̀gbun, ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òróró. “Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí látòkè níbí, Bàbá. Omi yìí kò gbà yín. Ó kéré jù. Ẹni tó ti wọ ọ̀gbun, kí ló fẹ́ máa wá nínú bàsíà pẹ̀lú àwọn aránṣọ?”

Bàbá Ọ̀gbun wo ìyá wa. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó wà nínú kòtò tí wọ́n ju okùn sí, tó ń wò ó bóyá ejò ni. Lẹ́yìn náà, ó dì í mú.

“Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn,” ó ní. “Kò sí omi níbẹ̀. Èèyàn ò rí ibi na ara sí, ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Eré ọmọdé ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún Tíṣà, ó ń gbìyànjú.”

“Kí n sọ fún ẹbí bẹ́ẹ̀?”

“Sọ fún wọn pé mo dán an wò, ó yege. Mo tiẹ̀ ti kọ́ ọ ní díẹ̀ lónìí.” Ó yíjú sí Tíṣà. “Àbí n ò kọ́ ọ?”

Mo rí i bí eyín Tíṣà ṣe pàdé ara wọn lẹ́nu. Ìyá wa ń wo òkun.

“Ẹ kọ́ mi, sà,” Tíṣà ní. “Ẹ ṣeun.”

Báyìí ni sọ́ọ̀bù ṣe di ti Tíṣà, kẹ́nikẹ́ni má bi í. Ohun tó san fún un nìyẹn, ó sì ń san án títí Bàbá Ọ̀gbun fi kú: ní gbogbo ìpàdé ẹbí, òun ni ọmọ tí Bàbá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn. Nígbà tí Bàbá bá ń sọ ọ́, Tíṣà á tẹrí ba. Mo bínú sí ìyá wa nítorí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní kí n lọ jókòó, pé ẹni tó gba ilé kì í bá onílé àná jà lórí ìtàn.

Ṣùgbọ́n Tíṣà kì í ṣe igi. Nígbà tí a padà sí sọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fẹ́ tú àwọn òjé náà sínú agbọ̀n. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ó kan ìṣó ńlá mọ́ ògiri níwájú káńtà, ó sì gbé bẹ́líìtì náà kọ́ bó ṣe wà, tòun ti gbogbo òjé orí ẹ̀. Ìṣó àkọ́kọ́ fà yọ. Ó kan òmíràn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé ló máa ń bi í pé ta ló ni èyí, á sì dá wọn lóhùn pé, “Ti ẹnì kan tí kò fẹ́ kúnlẹ̀ ni.” Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í kúnlẹ̀.

Tíṣà ti darúgbó báyìí. Ó ní iyùn ń funfun láwọn ibì kan, pé orúnkún ń dun òun níbi gbogbo àyàfi ìsàlẹ̀ omi. Tí mo bá gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí fóònù, mo máa ń bi í nípa bẹ́líìtì, ó sì máa ń ní ó wà níbẹ̀. Nígbà náà la máa ń rántí ọjọ́ tí Bàbá Ọ̀gbun kọ́kọ́ rí i lára ògiri. Mo rò pé yóò já a wálẹ̀. Ó dúró níwájú ẹ̀, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ẹ̀ sì tàn. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá, àwọn àgbà bíi tiẹ̀, á tò wọ́n sí iwájú ògiri.

“Ẹ rí i?” á ní. “Wọ́n gbé e kọ́ nítorí mi. Èmi nìkan ni mo gbé gbogbo ìyẹn wọ omi. Ẹ bi ọmọ yìí.”

Àwọn àgbà á yíjú sí Tíṣà lẹ́yìn káńtà.

“Òótọ́ ni, sà,” á ní. “Látọjọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́ yìí, Bàbá nìkan ló gbé e.”